Ìnhélà Tí Súbérù Tì Mọ́ Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sáré yí ìtàn yìí kọjá. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyàwó Àlàájì Súbérù bí fún un kó tó kú. Hidaayah lorúkọ ọmọ náà, àtikékeré ló sì ti ní ikọ́ fée, èyí tí à ń pè ní ásímà. Ó mọ ìtọ́jú ara rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń lo oògùn, ìnhélà tó ń fà sẹ́nu kì í sì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ nìkan ni àìsàn náà ń tì lójú!

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí Waris, àfẹ́sọ́nà Hidaayah, fẹ́ wá kí wọn nílé ní Festac, Súbérù yọ́ mú ìnhélà nínú báàgì ọmọ rẹ̀, ó lọ tì í mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Apple Junction. Lójú tirẹ̀, ta ni yóò fẹ́ ọmọ tó ń fa nǹkan sẹ́nu? Ó padà délé, ó tún finá sí tùràrí kí pálọ̀ lè máa ta sánsán.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, èéfín yẹn ò bá mi lára mu. Mi ò tiẹ̀ rí ìnhélà mi."

"Ṣebí ara ẹ ti yá? Má dójú tì mí lónìí o!"

Àwọn àlejò ò tíì jókòó dáadáa tí àyà Hidaayah fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi fèrè. Súbérù fojú bá a wí. Ọmọ náà mú un mọ́ra títí ètè rẹ̀ fi dúdú. Ìyá Waris ló fò dìde.

"Ìnhélà ẹ̀ dà? Ẹ gbé e wá kíá!"

"Ó... ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi," ni Súbérù wí.

Waris gbé Hidaayah sínú mọ́tò, ó di ọsibítù. Súbérù sáré gba Apple Junction lọ. Kó tó mú ìnhélà náà dé ọsibítù, wọ́n ti faṣọ bo ojú ọmọ rẹ̀.

Omi ń dà lójú Waris. "Bàbá, ta lẹ ń fi í pamọ́ fún? Àtìgbà tá a ti pàdé ló ti sọ fún mi. Ìyá mi náà mọ̀."

Irú ìgbéraga burúkú wo lèyí? Ọmọ ń wá èémí, bàbá ń wo ojú àna! Ásímà kì í ṣe ẹ̀gbin, kì í ṣe èpè. Ẹni tó bá ní in, kó máa lo oògùn bí dókítà ṣe sọ, kódà bí ara bá yá. Ẹ má gba ìnhélà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí èéfín rú nílé tó ń gbé. Bí kò bá rí èémí mí dáadáa, kó fa ìnhélà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù bí kò bá rọlẹ̀.

Bó bá gba kójú tì yín, kójú tì yín, kí ọmọ yín ṣáà wà láàyè.