Fọ́tò Tí Ornella Dá Yà

Ìyá ọkọ Ornella ló pe ayafọ́tò sílẹ̀ dè wọ́n ní Venice.

Ó ń ya Ornella lẹ́nu. Láti ìgbà tó ti wọlé wọn, obìnrin yìí ò yìn ín rí.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ yà á lórí afárá."

"A máa jọ yà á. Kọ́kọ́ dá tìẹ yà ná, ọmọ mi."

Ọmọ mi kẹ̀?

Ornella wo Loris, ọkọ rẹ̀. Loris ń wo omi. Òun ló bá a gba èsì àyẹ̀wò lọ́sibítù, tó ní àìtó ẹ̀jẹ̀ lásán ni, kó ṣáà sinmi.

Ìyá ọkọ bá a ṣí fìlà, ó fọwọ́ tún irun rẹ̀ ṣe.

"Wo iwájú. Rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀ẹ́n, o mà lẹ́wà o."

Inú Ornella dùn débi pé omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n yà á tán, ó ti ń lọ kó tó rántí pé fìlà wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Ó padà.

Ìyá ọkọ kọ̀yìn sí i, ó ń bá ayafọ́tò sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Gé e kó rí bí ẹyin, kó lè bá ti ọkọ mi mu lára òkúta ibojì. Dókítà ní ìyàwó yìí ò ní bá wa kórè àjàrà ọdún yìí."