Làmídì àti Ẹ̀rọ Èémí

Ní ìlú Ìsẹ́yìn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Làmídì. Òfì ló ń hun, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, ó ní ìwà kan: kò lè fara dà á kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Ẹnu ayé ń bà á lẹ́rù ju ohunkóhun lọ.

Bí Làmídì bá sùn, ṣe ló máa ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Sùwébátù ìyàwó rẹ̀ kò ka ìyẹn sí. Ohun tó ń já a láyà ni pé ìhanrun náà á kàn dá lójijì, èémí á sì dúró. Obìnrin náà á dá èémí tirẹ̀ náà dúró, á máa retí. Ó máa ń pẹ́ kí Làmídì tó tún mí, tòun ti ariwo, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí jáde nínú omi. Tílẹ̀ bá mọ́, á máa tòògbé nídìí òfì, òwú á sì máa já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Sùwébátù bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ẹran ọ̀fun rẹ̀ ló ń dí ọ̀nà èémí lójú oorun, àti pé ó ti ń pa ọkàn rẹ̀ lára. Ó ní kó máa fẹ̀gbẹ́ sùn, kó dín ara kù, ó sì fún un ní ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú, tí wọ́n ń dè mọ́ ojú.

"Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn ni kẹ́ ẹ lò ó o, ìbáà ṣe oorun ọ̀sán."

Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ara Làmídì yá gágá. Sùwébátù náà wá ń rí oorun sùn. Áà, inú obìnrin yẹn dùn!

Àfi bí Tìjání, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń hun òfì, ṣe wá pè é láàárọ̀ kùtù, tó bá a pẹ̀lú ẹ̀rọ lójú. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á.

"Làmídì! Oko ta lo fẹ́ lọ fín kòkó lójú oorun?"

Kó tó di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Afínkòkó. Ló bá kó ẹ̀rọ sínú àpótí. Sùwébátù kúnlẹ̀.

"Bàbá Bàrákà, ẹ má wo ẹnu wọn. Èmi ni mo mọ ohun tí etí mi ń gbọ́."

"Ikú yá ju ẹ̀sín," ni Làmídì dáhùn. "Bàbá mi hanrun títí ó fi lé lọ́gọ́rin ọdún. Ẹni tó bá sì jí mi lójú oorun láti òní lọ, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni!"

Ẹ gbọ́ mi o. Ẹ̀fẹ̀ ọ̀rẹ́ kì í ṣe ẹ̀sín. Làmídì ò mọ ìyàtọ̀.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, lẹ́yìn ìrun Àílà, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, ó dojú sókè, ó sùn. Sùwébátù gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá fún un. Láti òkèèrè ló ti ń tẹ́tí. Kò gbọ́ ìhanrun, kò tiẹ̀ gbọ́ ìró òfì pàápàá. Tìjání fi ìka lé ètè.

"Ẹ rọra o, Ìyá Bàrákà. Oorun ọ̀rẹ́ mi dùn lónìí, kò tiẹ̀ hanrun mọ́. A ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró ká má baà jí i."

"Láti ìgbà wo ni kò ti hanrun?"

"Á tó wákàtí kan."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Sùwébátù. Ó gbá ọkọ rẹ̀ mú, ó mì ín, ó pè é ní orúkọ tí kò pè é rí láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ. "Làmídì! Làmídì o! Yéè, mo gbé!" Ara rẹ̀ ti ń tutù.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Tìjání sunkún débi pé ṣe ni wọ́n fà á kúrò níbi sàréè. Kí ni ẹkún rẹ̀ fẹ́ ṣe fún opó?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín aráyé gba ìtọ́jú lọ́wọ́ yín. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ò lè bá yín mí. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ń tọ́jú ara rẹ̀, ẹ pa ẹ̀fẹ̀ yín mọ́nú. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú.