Ọmọ Ọwọ́ Tíṣà Láníhùn

Ní ìlú Ìkirun, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, ọkùnrin kan wà láàárín wa tó ń jẹ́ Láníhùn. Ó mọ̀wé, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ohun tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kì í fẹ́ kó jáde mọ́. Bí o bá yá a ní ìwé, o ti dágbére fún ìwé náà nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi fóònù kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù jọ lónìí, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwa mẹ́rin là ń ṣe é nígbà náà: Láníhùn, Tíṣà Àrínpé tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, Tíṣà Bámgbàlà tó ti dolóògbé, àti èmi. Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí ilé-ìwé bá dá wáí, a ó jókòó sí kíláàsì kan, a ó bu ẹ̀pà sórí tábìlì. Olúkúlùkù wa ló ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìwé ni ẹgbẹ́ náà wà. Orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù gidi káàkiri orílẹ̀-èdè la pín láàárín ara wa, mọ́kànlá mọ́kànlá. Bí ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ìwọ lo ni máàkì. Láníhùn ló ń ra ìwé ìròyìn, òun náà ló sì ń ka iye eré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbá. Áà, a rẹ́rìn-ín nígbà náà!

Òfin wa kò pọ̀. Bí ọdún bá parí, ẹni mẹ́ta péré lo lè dì mú. Wàá tú àwọn yòókù sílẹ̀ kí a tún wọn pín. Ẹni tó bá gbẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ mú. Irú ẹnì kan ṣoṣo la yọ sílẹ̀ nínú òfin yìí: agbábọ́ọ̀lù tuntun tí kò tíì gbá eré mẹ́wàá. Ọmọ ọwọ́ là ń pè é. O lè pa á mọ́ kún àwọn mẹ́ta rẹ, a kò ní kà á. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbá eré kẹwàá, a ti já a lẹ́nu ọmú nìyẹn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọmọ ọwọ́ kan wà lọ́wọ́ Láníhùn, Súnmọ́nù Àlàó. Ọmọ Ìkirun ni, Tíṣà Àrínpé ló sì kọ́ ọ. Nígbà tí gbogbo wa ń pè é ní olódo, òun nìkan ló ń bá a jókòó ti ìṣirò lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ sílé. Àrínpé ló gbẹ́yìn lọ́dún náà, síbẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn, nítorí òun ni yóò kọ́kọ́ mú, ó sì dá a lójú pé Súnmọ́nù kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́, pé Láníhùn yóò tú u sílẹ̀. Ó ń wí kiri pé, "Ọmọ mi ń bọ̀ wálé."

Ọjọ́ ìpín pé. Láníhùn ti di àgbà mẹ́ta mú, kò sì fẹ́ tú ìkankan sílẹ̀. Ó wo ìwé rẹ̀, ó ní, "Eré mẹ́sàn-án ni Súnmọ́nù gbá. Ọmọ ọwọ́ ṣì ni. Mo pa á mọ́."

Ọkàn mi sọ fún mi pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti ní kó mú àwọn ìwé ìròyìn wá. Mo bu ẹ̀pà sẹ́nu.

Àrínpé wò ó títí. "Ṣé ó dá yín lójú, Tíṣà?"

"Ṣé èmi ni mà á purọ́ nítorí eré?"

"Bẹ́ ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó tán." Ó mú ẹlòmíràn.

Nígbà tí Iléyá dé, Súnmọ́nù wá sílé. Ó wá kí tíṣà rẹ̀ ní kíláàsì tí a wà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku ṣọ́ọ̀kì. Kò mọ nǹkan kan nípa eré tiwa.

Àrínpé ní, "Ọmọ mi, a gbọ́ pé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí o gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún tó kọjá."

"Háà, mà! Eré mọ́kànlá ni mo gbá. Mò ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kíkà."

Kò sẹ́ni tó wo ojú Láníhùn nínú wa. Àrínpé yin ọmọ náà, ó sì gbàdúrà fún un. Nígbà tó lọ tán, Àrínpé gbé báàgì rẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀ o."

Kò wá ní Sátidé kejì. Bámgbàlà ní ẹ̀yìn ń dun òun. Èmi náà wá àwáwí. Láníhùn ló ṣe ipò kìn-ín-ní lọ́dún yẹn. Mo gba ẹ̀bá fèrèsé kọjá, mo rí i tó ń kọ máàkì rẹ̀ sójú pátákó, òun nìkan nínú kíláàsì.

Kò pẹ́ tí ìjọba gbé Àrínpé lọ sí Ṣakí. Èmi ni mo bá a gbé ẹrù dé gáréèjì. Bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ gbéra ni Láníhùn sáré dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Tíṣà, eré mọ́kànlá ni. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, mo ti tú Súnmọ́nù sílẹ̀. Tiyín ni."

Àrínpé na ọwọ́ láti inú ọkọ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ta ni mo fẹ́ máa bá ṣe é ní Ṣakí?"

Ọkọ̀ lọ. A kò ṣe eré náà mọ́ láéláé. Títí di òní, bí ọ̀sán Sátidé bá pa rọ́rọ́, àárò wọn máa ń sọ mí.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí òfin tó kéré jù láàárín ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá tẹ òfin lójú kó má baà fi nǹkan sílẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ ni yóò pàdánù. Ẹni tó sì rí i tó dákẹ́, bíi tèmi, yóò jẹ nínú àdánù náà. Orúkọ mẹ́rin ni Láníhùn dì mú, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn laṣọ, ọ̀kánjúwà ló sì ń bọ́ ọ lára ẹni.