Okùn Ọrùn Ajá Ọdẹ

"Apá ni ẹni tó ta okùn yìí ní kẹ́ ẹ ti dán an wò, kì í ṣe ọrùn," ìyàwó ọdẹ ní.

"Ọ̀rọ̀ ọdẹ lèyí, má dá sí i."

Nínú gbogbo okùn ọrùn oníná tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí iná rẹ̀ le jù ni ọdẹ mú, torí ajá rẹ̀ kì í gbọ́ ìpè nínú igbó. Ó wá ń so ó mọ́ ọrùn ara rẹ̀, kí ajá lè rí i pé kò sí ewu. Ibẹ̀ ni rìmóòtù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ajá sì fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnì rẹ̀.

Iná gbé ọdẹ, ó fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó fẹ́ tú okùn náà, kò tú. Ló bá ju ẹran gbígbẹ sí kọ̀rọ̀, kí ajá lè kúrò lórí rìmóòtù. Ajá lọ jẹ ẹ́, ó ronú díẹ̀, ó padà wá tẹ̀ ẹ́.

"Gbé ẹran sí i wá," ọdẹ ké sí ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó gbé ẹran wá, kò dá sí ìyókù. Nígbà tó yá, ajá kàn ń gbé ẹsẹ̀ sókè ni, ẹran á ti balẹ̀.

Fóònù dún. Ẹni tó ta okùn fún wọn ni.

"Mọ̀mí, ṣé ó ti ń gbọ́ràn?"

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níbi tó ti ń gé ẹran.

"Ó ti mọ̀ ọ́n. Kò tiẹ̀ dìgbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì mọ́."

"Ajá yẹn mà gbọ́n o."

"Ó gbọ́n gan-an," ìyàwó ní.