Aṣọ́komásùn Ẹnu Ọ̀nà

Bàbá àgbà náà ki koríko gbígbẹ sí ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi àpò bo orí, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́nu ọ̀nà bí aṣọ́komásùn, pẹ̀lú abọ́ midinmíìdìn lórí itan. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ọdún Halowíìn, tí àwọn ọmọdé máa ń múra bí ẹranko tàbí iwin láti gba midinmíìdìn láti ilé dé ilé: bí ọmọ bá ti nawọ́ sí abọ́, á fò dìde, igbe á ta.

"Dádì, ẹ rọra o," ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é láti ojú fèrèsé. "Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn yín."

"Wọlé jàre, wọ́n ti ń bọ̀!"

Junie, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, ló kọ́kọ́ dé, ó múra bí ológìnní. Kò nawọ́ sí abọ́ rárá. Ó mú midinmíìdìn kan nínú garawa tirẹ̀, ó fi lé aṣọ́komásùn lọ́wọ́, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí:

"Aṣọ́komásùn, jọ̀ọ́, tí bàbá àgbà mi bá jáde, má dẹ́rù bà wọ́n o. Àyà wọn ò tíì jinná."

Àwọn ọmọ ńlá dé lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan fìka gún aṣọ́komásùn nímú.

"Ère lásán ni jàre!"

Wọ́n kó midinmíìdìn náà tán pátá, àfi ẹyọ kan tí ère náà dì mọ́wọ́.