Káfíńtà Tó Sọ Àpò Ẹ̀yìn Ṣòkòtò Di Àpótí Irinṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá wà nílé yín, ẹ kà á sí i létí.

1. Káfíńtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Yárayára. Ọwọ́ rẹ̀ yá lóòótọ́! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó irinṣẹ́ sínú àpótí onígi, àwọn mìíràn ń lo ike ọ̀dà tó ti tán. Tirẹ̀ yàtọ̀. Òòlù á wà níbàdí, tépù lápò ọ̀tún, pẹ́ńsù létí, ìṣó lẹ́nu. Bí o bá kí i, "hùn-ún" ló máa fi dá ọ lóhùn. Irin pẹlẹbẹ ẹlẹ́nu mímú tó fi ń gbẹ́ pákó, àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ló máa ń wà.

"Kí ẹ tó ṣí àpótí yín, mo ti kan ìṣó mẹ́ta!" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń fọ́nnu.

2. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ó ti sú u láti máa lẹ àpò ṣòkòtò tí irin yẹn ń gé. Ó wá fi aṣọ tó nípọn rán àpò irinṣẹ́ fún ọkọ rẹ̀, ó dá ojú rẹ̀ sí mẹ́jọ, kí irin kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lo èyí. Abẹ́rẹ́ lásán, mi ò kì í jẹ́ kó sùn síta."

"Kí wọ́n lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo gbé báàgì obìnrin wá síbi iṣẹ́?"

"Àwọn àpò tó ń ya wá ńkọ́?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀, mo ti rí ọgbọ́n dá sí i."

Ẹ wo ọgbọ́n ọ̀hún o! Ó kọ ẹnu mímú irin náà sókè nínú àpò. Lóòótọ́, àpò ò ya mọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó rò pé òun ti dín iṣẹ́ ìyàwó òun kù ni.

3. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méje, gba ẹ̀bùn nílé ìwé lọ́jọ́ náà torí pé ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju ti gbogbo kíláàsì lọ. Ó sáré jáde.

"Bàbá! Bàbá mi! Èmi ni mo gbapò kìíní!"

Ó fò mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a níbàdí mọ́ra. Yéè! Irin ti la àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ọmọ. Yárayára gbé e, ẹsẹ̀ ló fi sáré dé ilé ìwòsàn.

"Dókítà, ẹ bá mi gba ọwọ́ ọmọ mi là! Èmi ni mo fà á!"

Wọ́n rán an, ó jinná, ṣùgbọ́n ìka méjì ò ká mọ́. Ọmọ náà wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ni.

4. Ìyàwó ò bá a jà. Ìyẹn gan-an ló dùn ún wọra. Yárayára ti ra àpótí irin báyìí, ó ń tì í pa. Ṣùgbọ́n bó bá dé, ọmọ kì í sáré pàdé rẹ̀ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, á kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Kí ló wà lápò yín?"

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi."

"Ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn padà kí n wò ó."

Bàbá á yí ẹ̀yìn padà, omijé á máa dà lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, mo bẹ̀ yín: ẹ dá irinṣẹ́ padà sáyè rẹ̀ kí ẹ tó forí lé ilé. Bí ará ilé yín bá kìlọ̀, ẹ gbọ́. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.