Ilé Tí Kò Rú Èéfín

Ní àfonífojì Quillet, ní òkè Vermont, àṣà kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í kọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́ nígbà òtútù, tí èéfín kò rú lórí òrùlé aládùúgbò rẹ, wọ bàtà rẹ, kí o lọ wò ó bóyá ó ṣì ń mí.

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wá wo Verna Lathrop, opó. Ààrò irin rẹ̀ àtijọ́ ń rú èéfín bí igbó tó ń jó, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ó wà láàyè. Ìgbà tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́ ni Corinne, ọmọ rẹ̀, gbé ààrò tuntun wá.

"Màmá, ẹ kó igi kún un nírọ̀lẹ́, kó jó dáadáa. Bí ọwọ́ aago tó ń wọn ooru yìí bá ti wọ ojú iṣẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn òkè, kí èéfín gba inú àwo oníhò yìí. Ó máa jẹ ẹ́ tán. Kí ẹ wá dín afẹ́fẹ́ kù. Ẹ ò ní rí ọwọ́ iná, gíláàsì á dúdú. Ẹ má fòyà, ilé á gbóná dàárọ̀."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ní àárọ̀ kejì, ẹnìkan ń lu ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá. Orrin Thibault ni, tí òun náà ti sin ìyàwó. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn igbó páìnì. Láti ibi àká rẹ̀ ló ti ń rí òrùlé Verna, ṣùgbọ́n Verna kì í rí tirẹ̀.

"Verna! Ṣé o ṣì wà láyé?"

"Bí mi ò bá sí, ta ló ń dá ẹ lóhùn?"

"Mi ò rí èéfín."

Verna la ẹnu láti ròyìn àwo tó ń jẹ èéfín. Ojú rẹ̀ lọ sórí àga kejì tí kò sẹ́ni tó ń jókòó lé.

"Iná kú lóru," ló sọ.

Orrin mi orí, ó sì jókòó. Verna gbé kọfí kaná, ó dín páńkéèkì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láràárọ̀. Verna kì í ṣí ilẹ̀kùn òkè, kì í sì kó igi tuntun sí i, àfi tí Orrin bá ti wọlé, kí èéfín má baà tú àṣírí. Ẹyín iná á ti pọ́n kalẹ̀ níbẹ̀, igi á gbiná láìsí ìṣáná. Orrin á máa wo àjà.

"Òtútù ilé yìí mà pọ̀ o," Orrin á ní, á sì nu òógùn.

Ó tilẹ̀ ń kó igi wá fún un. "Ọdún méjì ló ti ń gbẹ. Igi tútù ò dáa fún un."

"Fún kí ni?"

"Fún ẹ̀yìn mi. Ó máa ń wúwo jù."

Nígbà tí Corinne wá kí ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ ò tíì sọ fún bàbá yẹn?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Tó bá mọ̀, ṣé á tún wá ni?"

Lọ́jọ́ kan, Orrin kò wá. Kọfí tutù. Páńkéèkì le. Verna wọ bàtà, ó la igbó páìnì kọjá. Kò tíì débẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú ìyàwó Orrin. Ibi tí igbó parí sí, ó gbójú sókè.

Èéfín kankan kò rú lórí òrùlé.

Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà. Kò kan ilẹ̀kùn. Èjìká ló fi tì í. Ooru kọlù ú lójú. Orrin ló jókòó yẹn, tó gbé ẹsẹ̀ kan tí wọ́n fi aṣọ wé sórí àpótí. Ó ti yọ̀ ṣubú lórí omi dídì.

"Orrin! Mi ò rí èéfín!"

Orrin wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ààrò irin tó wà nígun yàrá, tó jọ ti Verna bí ìbejì, tí gíláàsì rẹ̀ dúdú, tí ọwọ́ aago rẹ̀ dúró lójú iṣẹ́, tí ọ̀dà ìdìmú rẹ̀ sì ti họ bó bí ohun tí wọ́n ti ń yí láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó wá ní, "Iná kú lóru."